Ẹ̀kan, Iná àti Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1912, àwọn igi ọsàn kan gúnlẹ̀ sí Grand Bay ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti kó wọn wá, koríko gbígbẹ ni wọ́n sì fi dí àárín wọn nínú àpótí kí wọ́n má baà ṣẹ́ lójú omi. Ẹ̀kan ni koríko náà. Wọ́n gbin ọsàn, wọ́n da koríko nù, koríko sì hù. A lè pe ìyẹn ní èèṣì. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mississippi tó múlé tì í ní 1921 kì í ṣe èèṣì rárá: àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀kan láti Philippines, tí wọ́n gbìn ín, tí wọ́n ní ó lè di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Florida náà dán an wò láàárín ọdún 1930 sí 1950. Màlúù jẹ ọ̀mùnú rẹ̀, ó kọ èyí tó ti gbó, koríko náà sì jáde kúrò nínú ọgbà ìdánwò, ó gba ẹ̀bá ọ̀nà àti abẹ́ igi lọ. Lónìí, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn koríko eléwu tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé kiri láìgbàṣẹ. Àgbẹ̀ ọ̀dàn Ọ̀yọ́ èyíkéyìí ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, kí a tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí àwa tí a mọ ẹ̀kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò fi tíì sọ ilẹ̀ rẹ̀ di pápá ìjẹko tó gbámúṣé. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ìmọ̀ ló wọ́n wa. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìdáhùn ti wà nílẹ̀, ní Ìbàdàn gan-an. Ohun tó wọ́n ni ilẹ̀ tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lè dì mú pẹ́ tó kí iṣẹ́ náà fi parí.

Ewé tí a ń rí lókè kọ́ ni ẹ̀kan gan-an. Èyí tó ju ìdajì ara rẹ̀ lọ wà lábẹ́ ilẹ̀: gbòǹgbò funfun olóríkèé, tí ẹnu rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gún iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní àgúnyọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, àmọ́ òmíràn ń wọlẹ̀ kọjá mítà kan. Oríkèé kọ̀ọ̀kan lè hu ẹ̀kan tuntun. Ẹni tó fi àdá ṣán an kò tíì fọwọ́ kan ohun tó ń gbé e ró. Ẹni tó fi ọkọ́ gé gbòǹgbò náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó sì fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tútù, ti bá a gbin òmíràn. Bí iná bá jó o, ibi tí gbòǹgbò wà kì í gbóná, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ orí lẹ́yìn iná, tí yóò yọ òdòdó funfun, tí afẹ́fẹ́ yóò gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sóko aládùúgbò. Ohun tí kò lè fara dà ni ibòji. Ewé rẹ̀ ń fẹ́ oòrùn gan-gan. Bí ohun mìíràn bá bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbòǹgbò yóò máa ná oúnjẹ tó ti tọ́jú, títí tí kò fi ní sí nǹkan kan tó kù tó lè ná.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Wọ́n á dáko lójú kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ̀kan bá ti ń borí, wọ́n á ní ilẹ̀ ti ṣá, wọ́n á ṣí lọ síwájú, igbó tó bá hù lẹ́yìn wọn ni yóò sì bá ẹ̀kan jà. Kò sì sí ìdí tí wọ́n fi ní láti gbin koríko fún ẹran. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, níbi tí ẹṣin ti jẹ́ agbára ìlú, ìdè ni wọ́n ń de ẹṣin mọ́lẹ̀, àwọn ẹrú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Haúsá, ló sì ń lọ ṣá koríko wá fún un. Koríko ní iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú: òun ni òrùlé. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin, àwọn mẹ̀kúnnù sì ń fi ẹ̀kan bo ilé tiwọn. Nítorí náà, ẹ̀kan jẹ́ ọ̀tá nínú oko, ó sì wúlò lẹ́yìn oko. Ètò yìí bójú mu níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé kí a kàn padà sí ọ̀nà àtijọ́ gbàgbé pé ilẹ̀ tí à ń ṣí lọ sórí rẹ̀ nígbà náà ti di oko ẹlòmíràn báyìí, ó ti di ọjà, ó sì ti di ilé.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lórí iná àti koríko wà ní igbó ọba Olókemejì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba amúnisìn gé igi orí ilẹ̀ kan níbẹ̀, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà sí mẹ́ta. Wọ́n ń dáná sun ìkíní lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti fẹ́ parí, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ kanrankanran. Wọ́n ń sun èkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí iná dé ìkẹta. Nígbà tí yóò fi tó bí ọgbọ̀n ọdún, ìkẹta ti di igbó, koríko ti pòórá lábẹ́ rẹ̀. Ìkíní ṣì jẹ́ ọ̀dàn, koríko àti ìwọ̀nba igi tó lè gba iná sára. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà. Iná nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ń dáná sun ilẹ̀ ẹ̀kan kó lè rí pápá, ẹ̀kan ló ń ṣe ọgbà fún.

Darandaran yóò ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ewé ti gbẹ, ibi tí iná jó nìkan ni ọ̀mùnú tútù ti ń yọ, màlúù sì ń jẹ ọ̀mùnú ẹ̀kan dáadáa. Òótọ́ ni, mi ò sì rò pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ẹni tó ní màlúù lẹ́bàá òun lónìí kò lè máa dúró de pápá ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kì í pẹ́ nílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ewé náà á le, etí rẹ̀ á di abẹ, ohun tó ń ṣara lóore nínú rẹ̀ á sì dínkù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀kan á ti fẹ̀ sí i, iná á sì tún di dandan.

Bí ibòji bá ni oògùn, ìbéèrè ni bí a ṣe lè rí ibòji láìdúró de igbó fún ọgbọ̀n ọdún. Moor Plantation, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn ní 1922. Lábẹ́ O. T. Faulkner tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n gbin Mucuna, ìtàkùn tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, kó lè bo ilẹ̀ kó sì mú un ràn, wọ́n sì ń bá ìdánwò náà lọ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ìtàkùn náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kò sì gbà á. Ó rọrùn fún ọ̀gá láti sọ pé olórí kunkun ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Ìbátan wèrèpè ni ohun tí wọ́n ní kí wọ́n gbìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú èyí tí wọ́n ń gbìn kì í yún ni lára. Èso rẹ̀ kò ṣe é jẹ bí ẹ̀wà, májèlé wà nínú rẹ̀ tó gba kí a sè é ní àsètúnsè. Yóò sì gba ilẹ̀ fún odidi àkókò òjò kan láìmú kọ́bọ̀ wálé, nígbà tí igbó tó ń hù fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1930, àgbẹ̀ tó kọ Mucuna mọ ìṣirò.

Ìṣirò náà yí padà níbi tí ilẹ̀ ti há. Ní ẹkùn Mono ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, ní nǹkan bí 1987, àwọn olùwádìí fi Mucuna kan náà han àwọn àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń mú ilẹ̀ ràn. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló rí ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀: ó ń pa ẹ̀kan. Wọ́n ń gbìn ín sáàárín àgbàdo tó ti dàgbà díẹ̀. Bí àgbàdo bá kúrò nílẹ̀, ìtàkùn náà á bo gbogbo oko bámúbámú. Nígbà tó fi di 1996, nǹkan bí àgbẹ̀ 10,000 ló ti ń lò ó ní Benin. Àwọn Adja agbègbè yẹn tilẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn ṣáájú: wọ́n ń gbin ọ̀pẹ ní àgbìnpọ̀ sórí ilẹ̀ tó ti ṣá, ibòji ọ̀pẹ á pa ẹ̀kan, wọ́n á sì wó ọ̀pẹ náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ fún ẹmu àti ọtí. Ẹ kíyè sí i pé onílẹ̀ nìkan ló lè ṣe èyí. Bí ọ̀pẹ bá ti wọ ilẹ̀, ẹni tó ń yá ilẹ̀ náà ti di ẹni tó ń wá ibòmíràn lọ.

Ní ti pápá ìjẹko fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ wáyé ní Kaduna. Láti òpin àwọn ọdún 1970, ILCA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, ń bá àwọn Fúlàní tó ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ṣe ọgbà oúnjẹ ẹran, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi hẹ́kítà mẹ́rin, pẹ̀lú ọgbà wáyà yí i ká. Stylosanthes ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, òun náà ìbátan ẹ̀wà, tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù. Ohun ọ̀gbìn kékeré ni nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, koríko ọ̀dàn ì bá sì ti bò ó pa. Màlúù ni wọ́n fi gbà á là. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á so màlúù mọ́ ilẹ̀ náà lóru-lóru, kí pátákò wọn tu ilẹ̀ kí ìgbẹ́ wọn sì bọ́ ọ. Lẹ́yìn tí irúgbìn bá hù, wọ́n á tún da màlúù wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, koríko tútù ni màlúù yàn láàyò, kì í ka Stylosanthes sí. Koríko á máa lọ sílẹ̀, ohun tí a gbìn á sì máa rí oòrùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ti ọgbà pa títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnu ẹran tí à ń wá oúnjẹ fún ló ṣe iṣẹ́ ọkọ́, mi ò sì mọ ọgbọ́n tó dùn mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtàn yìí. Kò pé pérépéré o: àrùn kan tó ń jó ewé Stylosanthes pa àwọn irú kan lára rẹ̀, ẹ̀kan tó bá sì ti gbó kì í ṣe koríko tí màlúù ń fi ìfẹ́ jẹ. Lórí ilẹ̀ ẹ̀kan, ìtàkùn tó ń bo ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí pápá tó tẹ̀ lé e.

Àwọn kan yóò ní gbogbo èyí ti di àtijọ́, oògùn apako ti dé. Lóòótọ́, láti 1974 tí glyphosate ti dé ọjà, kò sí ohun tó ń pa ẹ̀kan yára tó o, nítorí ó ń bá ewé wọlé lọ sí gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n oríkèé tó bá ń sùn kì í gbà á. Wọ́n á jí lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a ó sì tún fín in. Katakata náà ní ààyè tirẹ̀ bó bá túlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó gbé gbòǹgbò síta fún oòrùn. Bó bá túlẹ̀ ní ìgbà òjò, gígé ló ń gé e sí wẹ́wẹ́ kó lè pọ̀ sí i. Mi ò bá oògùn tàbí katakata jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé méjèèjì ń sọ ilẹ̀ di ìhòòhò, bí ohun mìíràn kò bá sì gba ilẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ̀kan ni yóò gbà á padà. Irú ohun tó máa gbà á náà gba àròjinlẹ̀. Ọsirélíà mú eruwa lọ láti Áfíríkà ní 1931 fún màlúù, koríko gíga tí ẹran fẹ́ràn lóòótọ́. Ó sá kúrò nínú pápá, iná tó ń bá a jó sì gbóná ju ti koríko ìbílẹ̀ lọ fíìfíì. Ní 2008, ìjọba Northern Territory kéde rẹ̀ ní koríko burúkú. Lọ́dọ̀ tiwa, níbi tó ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀, kò ní irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, èyí sì jẹ́ ìdí kan tí mo fi gbà pé eruwa àti àwọn koríko ilẹ̀ wa ló yẹ kó gba ipò ẹ̀kan, kì í ṣe àjèjì tuntun.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà gbogbo ti ń há. Kíkó ẹ̀kan ní ìjánu gba òjò kan, ó kéré tán. Kí pápá tó fìdí múlẹ̀ gba òmíràn. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí ọ̀pẹ láìgbàṣẹ, nítorí ohun ọ̀gbìn tó ń pẹ́ nílẹ̀ ń dà bí ẹ̀rí pé ẹni tó gbìn ín ló ni ilẹ̀. Pápá ìjẹko jẹ́ irú ohun ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀, pàápàá bí wáyà bá yí i ká. Ní Kaduna náà, ilẹ̀ tí àwọn Fúlàní ń ṣe ọgbà wọn sí, nípa ìyọ̀ǹda àwọn àgbẹ̀ tó ni ín ni. Stylosanthes sì ń mú ilẹ̀ ràn débi pé àgbàdo tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ lẹ́yìn náà ń ta yọ. Ta ni onílẹ̀ tí yóò rí ilẹ̀ tó ràn báyìí tí kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó dé tó fi yọ̀ǹda rẹ̀? Ìbẹ̀rù yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọgbà náà tàn kálẹ̀ bí wọ́n ṣe retí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba fi owó tì í lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba ní oṣù karùn-ún 2021, tí wọ́n ní dída ẹran jẹko kiri ti di èèwọ̀, ohun tí wọ́n ń béèrè, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ni pé kí ẹnìkan jókòó sójú kan kó sì gbin koríko. Ìwé àdéhùn ọlọ́dún mẹ́wàá láàárín ẹbí tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ni màlúù yóò ṣe ju àgbá oògùn apako ọgọ́rùn-ún lọ, bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere pé koríko gbíngbìn kì í sọ àlejò di onílẹ̀, àti pé onílẹ̀ kò lè gba ilẹ̀ padà ní ọdún kẹta nítorí pé ó ti ràn.