Agbára àràmàǹdà àti eré ìmárale

Agbára àràmàǹdà ni agbára tí ó kọjá èyí tí ẹ̀dá ènìyàn lè ní, irú èyí tí àwọn akọni inú ánímè, ìyẹn káátúùnù ilẹ̀ Jàpáànù, fi ń fọ́ òkè tàbí tí wọ́n fi ń gbé ilé. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìtàn wọ̀nyí, ìdánrawò ni ó ń fún akọni ní agbára náà. Nínú Dragon Ball, tí Akira Toriyama bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní ọdún 1984, Goku ń dánra wò níbi tí òòfà ilẹ̀ ti di ìlọ́po 100 ti ayé. Nínú One Punch Man, Saitama ń dọ̀bálẹ̀ fọwọ́ ti ara sókè ní ìgbà 100, ó ń dìde jókòó láti orí ìdùbúlẹ̀ ní ìgbà 100, ó ń lóṣòó dìde ní ìgbà 100, ó sì ń sáré kìlómítà 10 lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta, títí irun orí rẹ̀ fi re tán. Kò sí eré ìmárale tí ó lè fún ènìyàn ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí ó lè fún un kò kéré, a sì lè wọ̀n ọ́n.

Ní Ẹdẹ, Òṣogbo àti Iléṣà

Àwọn Yorùbá ti ní akọni alágbára àràmàǹdà tipẹ́ kí ánímè tó dé, ṣùgbọ́n oògùn, ọfọ̀ àti òrìṣà ni ìtàn fi ṣe orísun agbára wọn, kì í ṣe ìdánrawò. Tìmì, tí ó tẹ Ẹdẹ dó nítòsí Òṣogbo, ń ta ọfà iná. Wọ́n ju Gbọ́nńkáà sínú iná, ó sì jáde láìjóná. Dúró Ládiípọ̀ gbé ìtàn yìí lọ sórí ìtàgé ní Òṣogbo nínú eré Ọba Kò So (1963), òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe Ṣàngó.

Ti Iléṣà sún mọ́ wa jù, nítorí pé ẹni tí àkọsílẹ̀ wà nípa rẹ̀ ni. Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, tí ó kú ní 1910, ni ó di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀ tí ó dojú kọ Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì (1877–1893). Wọ́n ń sọ ọ́ títí di òní pé ọta ìbọn kì í ràn án, àti pé okígbẹ́ kò jẹ́ kí àdá gé e. Àkọsílẹ̀ tọ́ka sí ibòmíràn. Àárín àwọn jagunjagun Ìbàdàn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun nígbà èwe rẹ̀, nítorí náà ó mọ ìṣe wọn kí ó tó kọjú ìjà sí wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó sì bá wọn wá ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ẹ̀yìn, èyí tí ó yára ju ṣakabùlà tí a ń ki láti ẹnu lọ. Ìró àwọn ìbọn ńlá ogun náà ni wọ́n ní ó bí orúkọ Kírìjì. Ìrírí, ọmọ ogun àti ìbọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò bí a bá fẹ́ mọ agbára Ògèdèǹgbé, èyí kò sì bu akọni náà kù rárá.

Ọ̀rọ̀ ayẹta kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní Nàìjíríà, àwọn kan ti kú níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dán an wò lára ara wọn.

Ibi tí agbára ara mọ

Bí iṣan ṣe nípọn tó, àti bí ọpọlọ ṣe lè pè é ṣiṣẹ́ tó, ni agbára ara ń tẹ̀lé. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹni tí ó ń gbé irin máa ń lágbára sí i kí iṣan rẹ̀ tó tóbi, nítorí pé ọpọlọ ń kọ́ bí yóò ṣe pe fọ́nrán iṣan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni iṣan ń nípọn. Egungun, àti okùn ara tí ó so iṣan mọ́ ọn, náà ń le sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ́ra.

Bí a bá sọ gíga, ìbú àti ìnípọn ènìyàn di ìlọ́po méjì, agbára iṣan rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí èèrà fi lè gbé ohun tí ó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, tí erin kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ilé gbọ́dọ̀ ní egungun tí kò ní ṣẹ́; ilẹ̀ tí ó dúró lé pàápàá kò gbọdọ̀ rì.

Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Eddie Hall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé kìlógíráàmù 500 kúrò nílẹ̀, ní ọdún 2016. Àpò mẹ́wàá nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ sì dà ní imú rẹ̀ níbẹ̀. Ní 2021, Iron Biby, ọmọ Burkina Faso, gbé 229 ga ju orí rẹ̀ lọ. Ní ìdíje Paralympics ti Paris ní 2024, Folashade Oluwafemiayo ti Nàìjíríà dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ti 167 sókè, èyí tí obìnrin kankan kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí nígbà náà nínú ìdíje àwọn akàndá ẹ̀dá.

Ìdánrawò Saitama

Ẹni tí ó bá ṣe é yóò ní ìfaradà ju agbára lọ, nítorí pé ẹrù rẹ̀ kì í pọ̀ sí i. Bí 100 bá ti mọ́ iṣan lára, ìdàgbàsókè dúró nìyẹn. Fífi ẹrù kún ẹrù díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ àti ìsinmi ni ó ń mú un tẹ̀síwájú. Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹni tí kò ṣe é rí bá ki gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan, iṣan lè fọ́, kí èròjà inú rẹ̀ dà sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì ba kíndìnrín jẹ́. Ìrora tí kò lọ àti ìtọ̀ tí ó dúdú bíi Coca-Cola ni àmì rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Láti inú káátúùnù bọ́ sí pápá

Israel Adesanya, tí a bí ní Èkó ní 1989 tí ó sì dàgbà ní New Zealand, fẹ́ràn ánímè púpọ̀. Inú káátúùnù Avatar: The Last Airbender ni ó ti mú ìnagijẹ rẹ̀, The Last Stylebender, fíìmù Ong-Bak ti ilẹ̀ Thailand ni ó sì mú kí ó bẹ̀rẹ̀ ìjà kíkọ́. Ó di ọ̀gá UFC ní ìwọ̀n ara tirẹ̀ ní 2019. Alex Pereira gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2022. Ó gbà á padà ní oṣù kẹrin 2023, Sean Strickland sì tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà.