Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ ìwé ìwádìí

Ẹni tó bá ti kọ pírójẹ́ẹ̀tì rí mọ ìbẹ̀rù Turnitin. Ohun tó máa ń gbà wá lọ́kàn ni bí nọ́ńbà yẹn yóò ṣe wálẹ̀, kì í sábà jẹ́ bóyá òótọ́ ni ohun tí a kọ. Kì í ṣe àwa akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń bá a jà. Ó wọ inú àwọn jọ́nà ńláńlá, ìtàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwàdà.

Ní ọdún 2005, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní MIT lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Jeremy Stribling, Max Krohn àti Dan Aguayo, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní SCIgen. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to ọ̀rọ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ láìní ìtumọ̀, pẹ̀lú gíráàfù àti ìwé ìtọ́kasí. Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àpérò WMSCI tó fẹ́ wáyé ní Orlando, wọ́n sì gbà á! Nígbà tí àṣírí tú, àpérò fagi lé e. Àwọn ọmọ yìí kò jókòó sílé: wọ́n dáwó jọ, wọ́n gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan náà, wọ́n ṣe ìjókòó tiwọn níbẹ̀.

Wọ́n gbé SCIgen sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan wá mú un lò, kì í sì í ṣe fún ẹ̀rín.

Ẹni tó mú wọn ni Cyril Labbé, olùkọ́ ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé. Ní 2010, ó kọ́kọ́ dá onímọ̀ kan tí kò sí láyé sílẹ̀, Ike Antkare. (Ẹ pe orúkọ yẹn kíákíá bí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó gbọ́ ohun tó ń wí.) Ó fi SCIgen kọ nǹkan bí 100 ìwé fún un, tí wọ́n ń tọ́ka síra wọn, Google Scholar sì ka h-index rẹ̀ sí 94, ju ti Einstein lọ. Labbé wá ń fi kọ̀ǹpútà wé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jẹyọ nínú ìwé kan mọ́ ti SCIgen. Ní 2014, Springer àti IEEE yọ ìwé tó lé ní 120 tó rí kúrò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Springer gbé SciDetect jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti 2008 ni Crossref ti fún àwọn ilé ìtẹ̀wé ní CrossCheck, tó ń lo iThenticate, ọmọ ìyá Turnitin. Ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń wá ni ọ̀rọ̀ tó tò bákan náà pẹ̀lú ti ẹlòmíì. Ẹni tó jí iṣẹ́ kò ju kó yí ọ̀rọ̀ padà lọ, ètò kọ̀ǹpútà sì wà tó ń bá èèyàn yí i. Ní 2021, Guillaume Cabanac ti Toulouse, Labbé àti Alexander Magazinov fi ohun tó ń tibẹ̀ jáde han ayé: "breast cancer" di "bosom peril", "artificial intelligence" di "counterfeit consciousness". Ká ní Yorùbá ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò di "omi pupa tó ń hó". Irú rẹ̀ pọ̀ nínú jọ́nà Microprocessors and Microsystems, ti Elsevier. Lójú tiwa, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ olè ló kọ́ olè ní èdè yìí.

Cabanac ṣe ẹ̀rọ tó ń wá irú àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀ káàkiri, èèyàn á sì ka ohun tó bá rí, wọ́n á gbé e sórí PubPeer. Ó dára bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wa. A kò fẹ́ kí ẹ̀rọ fi gbólóhùn kan ṣoṣo tó wọ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

ChatGPT kì í pe jẹjẹrẹ ọyàn ní "bosom peril", nítorí náà ojú ọdẹ ti yí. Ní 2023, Cabanac rí "Regenerate response", orúkọ bọ́tìnì ChatGPT, láàárín ìwé kan nínú Physica Scripta. Àwọn òǹkọ̀wé ti kà á, àwọn ayẹ̀wéwò ti kà á, kò sẹ́ni tó rí i.