Ọdún 1150: Ta Ni Ẹlẹ́rìí?

Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn Àkúrẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní pẹ́ rí i kà pé ọdún 1150 ni wọ́n kọ́ ààfin Déjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dà á kọ, àwọn oníròyìn náà ń tún un sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ta ni ó ka ọdún náà?

Ní 1150, kò sí ẹni tí ń kọ ìwé ní Àkúrẹ́. Ó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí àwọn Potogí tó dé Bìní. Ohun tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ ni orúkọ: Ọmọ́rẹ̀mílẹ́kùn Asọdẹbóyèdé, ọmọ ọba láti Ilé-Ifẹ̀, tí ó tẹ ìlú náà dó. Àtẹnudẹ́nu a máa ka ìran ọba. Kì í ka ọdún òyìnbó. Àfojúbù ni 1150 lè jẹ́, kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀.

Wikipedia, ìwé-ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ sí, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2001. Kì í ṣe àkójọ irọ́. Ní 2005, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature mú àwọn onímọ̀ wo àkọlé 42 nínú rẹ̀ àti nínú Encyclopaedia Britannica: àṣìṣe bí mẹ́rin ni wọ́n rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ti Wikipedia, bí mẹ́ta nínú ti Britannica. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà, irọ́ pé wọ́n fura sí John Seigenthaler, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, lórí ikú Ààrẹ Kennedy wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ojú ewé tí ọ̀pọ̀ ojú ń ṣọ́ ni à ń tètè tún ṣe. Ojú mélòó ni ó ń ṣọ́ ti Àkúrẹ́?

Ẹ wo Oǹdó náà. Ìtàn ìlú sọ pé obìnrin, Púpùpú, ni Ọṣemàwé àkọ́kọ́. Àwọn kan tọ́ka orírun rẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀, àwọn mìíràn sí Ọ̀yọ́. Ojú ewé tí ó bá mú ẹyọ kan nìkan ti dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnìkejì.

Ìwé títẹ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ń gbè. Samuel Johnson, tí ó parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́ àti ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ṣùgbọ́n nítorí pé a mọ ibi tí ó dúró, a lè wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lórí Wikipedia, ìnagijẹ lásán ni òǹkọ̀wé mìíràn ń jẹ́.

Mo ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí. Mo mọ ìkánjú tó wà níbẹ̀. Akọ̀ròyìn a mú ọdún láti orí Wikipedia. Lọ́la, Wikipedia a pe ìwé ìròyìn yẹn ní ẹlẹ́rìí. Ẹnu kan di méjì. Bí ẹjọ́ oyè tàbí ti ilẹ̀ bá wá dé, irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan yóò gbé jáde.

Nítorí náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ewé: ta ni wọ́n tọ́ka sí? Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń to àtúnṣe sí: ta ni ó fi ọ̀rọ̀ kún un, nígbà wo? Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ ìtàn ìlú yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.