Iná Ìkìlọ̀ Dáṣíbọọ̀dù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Bíréèkì

Iná ìkìlọ̀ dáṣíbọọ̀dù ni àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó ń tàn níwájú awakọ̀ nígbà tí nǹkan kan bá ń ṣe ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n á jọ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á sì kú. Ó wọ́pọ̀ kí ọ̀kan kọ̀ láti kú lẹ́yìn tí mẹkáníìkì bá pààrọ̀ páàdì, dísìkì, kálípà tàbí béríìnì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ọwọ́ mẹkáníìkì kàn gbẹ̀yìn ni àléébù náà wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn iná tó kàn

Iná pupa roboto tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n kọ BRAKE sí, jẹ mọ́ bíréèkì fúnra rẹ̀. Iná yẹ́lò tí wọ́n kọ ABS sí jẹ mọ́ ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Ọdún 1978 ni ABS ti ilé iṣẹ́ Bosch kọ́kọ́ wọ inú Mercedes-Benz S-Class ní Jámánì. Bí méjèèjì bá tàn, pupa ni kí a kọ́kọ́ wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí iná pupa bá tàn

Ẹ kọ́kọ́ wo háńdì bíréèkì. Bí kò bá wálẹ̀ tán, suíìṣì ìdí rẹ̀ kò ní jẹ́ kí iná kú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ike epo bíréèkì, níbi tí wọ́n kọ MIN àti MAX sí. Ohun kan léfòó nínú ike náà. Bí epo bá lọ sílẹ̀ jù, òun náà á bá a lọ, á sì tan iná. Bí páàdì ṣe ń jẹ ni epo ń wọ inú kálípà, tí tinú ike ń dín kù. Bí páàdì tuntun bá wọlé, epo á padà sókè. Nítorí náà, epo tó ṣì wà nísàlẹ̀ MIN lẹ́yìn páàdì tuntun ń jò níbì kan, tàbí kó jẹ́ pé wọn ò rọ ọ́ padà. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà àti ibi tí rọ́bà ti wọ kálípà, bóyá ó tutù.

Kí ọkọ̀ tó ṣípò, ẹ tẹ pẹ́dà léraléra títí yóò fi le. Bó bá ṣì rọ̀ bíi kànìnkànìn, afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù, ó sì di dandan kí wọ́n tú u jáde.

Irú epo bíréèkì tí wọ́n kọ sára ìdérí ike ni kí a rọ sí i. Epo DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ lè dé 205°C kó tó hó. Ìwọ̀n náà já sí 140°C fún èyí tí omi ti wọ̀. Epo ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ kán sí i, torí pé yóò mú kí àwọn rọ́bà inú bíréèkì wú.

Bí iná ABS bá tàn

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sẹ́ńsọ̀ kan wà nídìí táyà kọ̀ọ̀kan tó ń ka bó ṣe ń yí. Bí wọ́n bá fi kálípà rọ̀ dirodiro, tó sì fa wáyà sẹ́ńsọ̀, wáyà náà lè já nínú láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ya. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìdí sẹ́ńsọ̀ dé ibi tó ti wọnú ọkọ̀: ibi tó bá rọ̀ ju ìyókù lọ ni kí ẹ fura sí. Ẹ wò ó bóyá ìyẹ̀fun irin lẹ̀ mọ́ ojú sẹ́ńsọ̀. Ọ̀pọ̀ béríìnì òde òní ní máàgínẹ́ẹ̀tì lójú kan, ojú yẹn ló sì gbọ́dọ̀ kọjú sí sẹ́ńsọ̀.

Bí ABS nìkan bá tàn, bíréèkì ṣì ń mú, ṣùgbọ́n táyà lè dì pa lójú ọ̀nà tó ń yọ̀. Bí pupa bá tàn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ dúró. Ẹ̀rọ tó ń pín agbára bíréèkì láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn lè ti dákẹ́.

Páàdì oníwáyà

Nínú àwọn ọkọ̀ bíi BMW, wáyà kan wà nínú páàdì. Bí páàdì bá jẹ dé ìdí, dísìkì á gé wáyà náà, iná á sì tàn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wáyà yìí ń ṣiṣẹ́. Tuntun la fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá so ó pọ̀ ti pa ẹnu tí ì bá kìlọ̀ fún un lọ́la.

Kíka kóòdù

Sikánà ló ń ka kóòdù àléébù tí ọkọ̀ fi pamọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń ka ti ẹ́ńjìnnì nìkan kò rí ti ABS. C ló ń bẹ̀rẹ̀ kóòdù bíréèkì. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, C0200 ni sẹ́ńsọ̀ iwájú lọ́tùn-ún, C0205 sì ni ti iwájú lósì. Wáyà tó já lè mú kóòdù kan náà wá bíi sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́, nítorí náà ẹ wo wáyà kí ẹ tó náwó. Ẹ kọ kóòdù sílẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́.

Yíyọ gílóòbù tàbí fífi téèpù bo iná kì í ṣe àtúnṣe. Bí iná pupa kò bá tíì kú, iṣẹ́ kò tíì parí: ẹ má gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mẹkáníìkì.