Olórin Tí Ó Di Oníṣòwò: Ìtàn Derek Sivers àti CD Baby

Bí òpìtàn bá dìde láti sọ̀rọ̀ ní irú ibi báyìí, ìtàn ọba, ìtàn ogun tàbí ìtàn ìlú ni a máa ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn oníṣòwò kan ni mo gbé wá lónìí. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan gbogbo ẹni tí ń fi ohùn ẹnu tàbí ọgbọ́n orí jẹun: láàárín ẹni tí ó kọ orin àti ẹni tí ó ra á, ta ni ó yẹ kí ó dúró, èló ni ó sì yẹ kí ó gbà?

Ní ọdún 1969 ni a bí Derek Sivers ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gìtá ni ó kọ́kọ́ mú lọ́wọ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Kí ó tó wọ Berklee, ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Boston, olórin kan tí ń jẹ́ Kimo Williams fi ìwọ̀nba ìpàdé díẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń fi ọ̀pọ̀ sáà kọ́ni. Ọmọ ọdún 20 ni nígbà tí ó gboyè jáde. Lẹ́yìn èyí, ó ṣiṣẹ́ ní New York ní Warner/Chappell, ilé-iṣẹ́ tí ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí ń kọ orin. Ó ṣe atọ́kùn fún ẹgbẹ́ eléré kan, ó bá Ryuichi Sakamoto ta gìtá káàkiri ilẹ̀ Japan, ó sì ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀. N kò ka nǹkan wọ̀nyí láti fi yìn ín. Èrò tèmi ni pé inú wọn ni gbogbo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ti hù jáde. Ó ti wà níbi tí a ti ń pa ìwé ẹ̀tọ́ orin mọ́. Ó sì ti wà lójú ọ̀nà, níbi tí olórin ti ń làágùn.

Ní nǹkan bí ọdún 1997, ó fẹ́ ta àwo sídíì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ń ta àwo níbẹ̀ ti wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn alágbàtà ńlá nìkan ni wọ́n ti ń gba ọjà. Olórin tí kò ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn kò rí ọ̀nà wọlé. Sivers bá pinnu láti tà á fúnra rẹ̀. Ó ná an ní $1,000 àti oṣù mẹ́ta kí báńkì tó fún un láṣẹ láti máa gba owó káàdì. Ó ṣí ìwé, ó kọ́ ara rẹ̀ bí a ti ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀rẹ́ kan ní kí ó bá òun ta tòun; kò pẹ́, ẹni tí kò mọ̀ rí ń béèrè. Báyìí ni CD Baby ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Woodstock ní ọdún 1998, pẹ̀lú $500.

Ẹ wo bí ó ti dá iye owó. Sọ́ọ̀bù àwo kan wà ní ìlú náà tí ń bá àwọn olórin àdúgbò ta ọjà, $4 ni ó sì ń yọ lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Iye yẹn gan-an ni Sivers mú. Olórin yóò san $35 láti fi àwo rẹ̀ sórí àtẹ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì dá iye tí wọn yóò tà á. Ìpinnu mẹ́rin ni ó wà nídìí òwò náà: a óò máa san owó olórin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a óò sọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ra àwo fún un, a kò ní lé ẹnikẹ́ni nítorí pé ọjà rẹ̀ kò tà, a kò sì ní gba owó láti gbé àwo kan síwájú òmíràn. Ìkejì ni mo kà sí pàtàkì jù. Agbára alágbàtà wà nínú pé òun nìkan ni ó mọ oníbàárà. Ẹni tí ó bá fi orúkọ oníbàárà lé olórin lọ́wọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín agbára rẹ̀ kù.

Òwò náà gbilẹ̀. Ó kó lọ sí Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2008, ó ti ní òṣìṣẹ́ 85, ó sì ti bá olórin tí ó lé ní 150,000 ta ọjà tí ó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí òpìtàn fura díẹ̀. Ẹnu Sivers fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn yìí ti wá, pàápàá ìwé rẹ̀ *Anything You Want*, tí ó jáde ní ọdún 2011. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ènìyàn jẹ́ tako ara rẹ̀ wúwo ju èyí tí ó fi gbe ara rẹ̀, Sivers sì jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, nígbà tí òwò náà ṣì kéré, ó gba $20,000 lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé láìkà á dáadáa. Ọdún púpọ̀ kọjá kí ó tó mọ̀ pé ìpín 90 nínú 100 ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Mílíọ̀nù 3.3 dọ́là ni ó fi rà á padà. Ẹni tí ó dìde láti gba olórin lọ́wọ́ ìwé àdéhùn burúkú ni ìwé àdéhùn mú.

Èkejì, ní oṣù karùn-ún ọdún 2003, Apple pe àwọn aṣojú olórin tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí Cupertino, Steve Jobs sì bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iTunes. Sivers bẹ̀rẹ̀ sí gba $40 lórí àwo kọ̀ọ̀kan láti fi orin ránṣẹ́. Nǹkan bí 5,000 olórin san án. Oṣù ń gorí oṣù, ìwé àdéhùn kò dé. Ó dá gbogbo $200,000 náà padà, ó sì bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé àdéhùn tó dé. Ó ní láti ọjọ́ náà òun kò tún ní ṣèlérí ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó fún wọn láṣẹ láti pinnu bí wọn yóò ti pín èrè. Wọ́n pín gbogbo rẹ̀ fún ara wọn. Nígbà tí ó fagi lé e, ìfẹ́ tí ó wà láàárín wọn dópin, òun náà kò sì padà sí ọ́fíìsì mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, Disc Makers ra CD Baby ní mílíọ̀nù 22 dọ́là. Kí ó tó tà á, Sivers ti fi í sí abẹ́ àpò àánú kan tí òfin mọ̀, èyí tí yóò máa san ìpín 5 nínú 100 fún un lọ́dọọdún títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ orin ni owó náà yóò wà fún. Àwọn kan lè sọ pé owó-orí ni ó ń sá fún. Òótọ́ ni pé ọ̀nà yìí dín owó-orí kù, òun náà kò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yan ọ̀nà yìí kò lè yí padà kó gbogbo owó náà fún ara rẹ̀ mọ́. Ìdè náà kì í tú.

Ní ọdún 2020, CD Baby ti sọ́ọ̀bù tí ó fi ń ta àwo fún gbogbo ènìyàn pa, nítorí pé orin ti kúrò nínú àwo. Iṣẹ́ fífi orin ránṣẹ́ sí àwọn ìkànnì ńláńlá ni ó kù. Lórí àwọn ìkànnì wọ̀nyí, olórin lè mọ iye ẹni tí ó gbọ́ orin rẹ̀, kò lè mọ orúkọ wọn. Èyí ni ó mú mi padà sí ìbéèrè ìṣáájú. Alágbàtà yóò máa wà ṣá, nítorí pé olórin kò lè ṣe ohun gbogbo tán. Sivers kò mú alágbàtà kúrò; òun fúnra rẹ̀ ni alágbàtà. Ohun tí ó fi hàn ni pé alágbàtà lè gba $4, kí ó san ìyókù lọ́sẹ̀ tí ó ń bọ̀, kí ó sọ ẹni tí ó ra ọjà, kí ó sì jèrè síbẹ̀. Nítorí náà, bí alágbàtà kan bá wí fún wa lónìí pé kò ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí á rántí pé ó ti ṣeé ṣe rí.