Ìran Mọ́tò Tó Wà Nínú Àlòkù

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ kékeré tí afẹ́fẹ́ yóò máa yí kó lè mú iná wá fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, mọ́tò fáànù àlòkù ló sábà máa ń kọ́kọ́ rà. Yóò yí i títí, gílóòbù kò ní tàn. Mọ́tò náà kò bàjẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Ìran tó ti wá ni kò jẹ́ kó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1821, ní Lọ́ńdọ̀nù, Michael Faraday mú kí wáyà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá máa yí òòfà po nínú mẹ́kúrì. Ohun àfihàn lásán nìyẹn. Thomas Davenport, alágbẹ̀dẹ kan ní Vermont ní Amẹ́ríkà, ló gbàwé àṣẹ ìjọba lọ́dún 1837 lórí mọ́tò tó ń lo iná bátìrì. Irú rẹ̀ ló wà nínú ohun ìṣeré ọmọdé àti rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì: wáyà méjì, òòfà nínú agolo rẹ̀, àti kábọ́ọ̀nù tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé iná wọ àárín tó ń yí. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni ti bùlẹ́ńdà. Ìyẹn náà ní kábọ́ọ̀nù, àmọ́ kọ́ìlì ló dípò òòfà, ìdí nìyí tó fi lè lo iná NEPA.

Ọ̀tọ̀ ni ìran fáànù. Galileo Ferraris ní Ítálì àti Nikola Tesla ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi iṣẹ́ wọn hàn lọ́dún 1888, kálukú lọ́tọ̀: iná NEPA fúnra rẹ̀ lè mú kí agbára òòfà máa yí po nínú kọ́ìlì, kó sì wọ́ irin àárín tẹ̀ lé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Mikhail Dolivo-Dobrovolsky, tó ń ṣiṣẹ́ fún AEG ní Jámánì, ṣe irin àárín náà bí àgò ẹyẹ. Wáyà kankan kò wọ inú rẹ̀, kò ní kábọ́ọ̀nù, kò sì ní òòfà. Abájọ tí fáànù fi ń pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀! Àmọ́ níbi tí kò sí òòfà, ọwọ́ lásán kò lè yí iná jáde.

Lọ́dún 1962, T. G. Wilson àti P. H. Trickey kọ̀wé lórí mọ́tò tí transistor ń ṣe iṣẹ́ kábọ́ọ̀nù fún. Irú èyí ló ń yí hard disk kọ̀ǹpútà. Wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ní, tí ẹ bá sì so ó mọ́ bátìrì lásán, kò ní yí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní ó ti kú, wọ́n a sọ ọ́ nù. Òòfà inú rẹ̀ sì lágbára gan-an.

Ní tèmi, ti príńtà ni mo fẹ́ràn jù. Tí ẹ bá fọwọ́ yí i, yóò máa há díẹ̀díẹ̀ bíi pé eyín wà nínú rẹ̀. Wáyà mẹ́rin tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń ní. Yíyí ọwọ́ lásán tó láti tan gílóòbù LED kékeré.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ so àwọn ẹnu wáyà rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá yí i. Tó bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òòfà wà nínú rẹ̀.