Òfin, Òbí àti Ẹ̀rọ Ìmí: Ọ̀ràn Katie Beckett ní Amẹ́ríkà

Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé òfin, kì í ṣe àìsàn nìkan, lè dá ọmọ tí ẹ̀rọ ń bá mí dúró sí ilé ìwòsàn.

Ọdún 1978 ni wọ́n bí Katie Beckett ní ìpínlẹ̀ Iowa. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí àrùn fi mú ọpọlọ rẹ̀ wú, tí kò sì lè dá mí dáadáa mọ́. Nígbà tí ó tó ẹni tí ó lè padà sílé, ìlànà Medicaid, ètò ìjọba tí ó ń sanwó ìtọ́jú aláìní, di ìdènà. Bí ọmọ bá pẹ́ ní ilé ìwòsàn, wọn kì í ka owó òbí mọ́ tirẹ̀. Bí ó bá padà sílé, wọn yóò kà á, ìrànwọ́ yóò sì dópin. Bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú ilé kò wọ́n tó ti ilé ìwòsàn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1981, Ààrẹ Reagan mẹ́nu ba ọ̀ràn náà níwájú àwọn oníròyìn. Katie padà sílé ní oṣù Kejìlá. Òfin ọdún 1982 sì fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún irú ọmọ yìí.

Síbẹ̀, òbí ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru. Katie kàwé gboyè ní ọdún 2001. Ó kú ní ọdún 2012, ní ẹni ọdún 34. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún àwa olùkọ́ ni pé irú ọmọ yìí lè jókòó ní kíláàsì wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹrù yìí kì í ṣe ti òbí nìkan.